Aṣọ Ẹ́ńjìnnì Mẹ́fà

Ìgbà tí aránṣọ kan gbọ́ ohùn ọkọ rẹ̀ kẹ́yìn, inú ìyẹ́ apá ọkọ̀ òfúrufú tó tóbi jù láyé ni ọkọ ti ń kan irin, tó sì pè é lórí fóònù.

"Ìyá Abẹ́rẹ́, gbogbo àdúgbò wa lè sùn síbí! Wá rán ìbora fún ẹ́ńjìnnì mẹ́fẹ̀ẹ̀fà."

"Ṣé òtútù ń mú irin ni, Bàbá Alásọdùn?"

"Eruku ni o!"

Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọlọ́jọ́ dé bá ọkọ. Nígbà tí ẹkún rọlẹ̀, ìyàwó gbé téèpù lọ sídìí ọkọ̀ òfúrufú náà, ó gun àkàbà. Ìbora àkọ́kọ́ há, torí pé ó wọn ẹ́ńjìnnì bí ẹni ń wọn àyà ọkùnrin. Ó tú u, ó fàyè sílẹ̀. Márùn-ún ti wọ aṣọ báyìí. Ẹ́ńjìnnì kan ló kù tí kò tíì láṣọ.