Ihò Àpáta Tí Wọ́n Gbá Mọ́

Ó ti pẹ́ tí Olúyọmí, olùkọ́ ìtàn tó ti fẹ̀yìn tì ní Ìkàrẹ́, ti ń gun òkè kan ní Ọ̀kà nítorí ihò àpáta tí àwọn ará ìgbàanì fi ṣe ilé. Eérú iná wọn àti àfọ́kù ìkòkò wọn dùbúlẹ̀ ní ìpele-ìpele nínú ilẹ̀ rẹ̀. Ti ìsàlẹ̀ ni ó pẹ́ jù. Ohun kan ṣoṣo ni ó ń tọrọ lọ́dọ̀ Olúwa: kí àwọn ará ìlú fi ojú ara wọn rí ìpele wọ̀nyí, kí orúnkún òun tó kọ iṣẹ́.

Lẹ́yìn ẹ̀bẹ̀ púpọ̀, Dókítà Màrdíyyàh, awalẹ̀pìtàn láti yunifásítì, gbà láti wá ṣàlàyé ní ọjọ́ Sátidé. Olúyọmí kéde ní ṣọ́ọ̀ṣì pé àlejò ń bọ̀ wá sí ihò náà.

Nígbà tí àwọn méjèèjì dé ibẹ̀, àpáta lásán ni ó ń dán lábẹ́ ẹsẹ̀ wọn. Bridget, olórí ẹgbẹ́ àwọn obìnrin, dúró pẹ̀lú ọwọ̀ lọ́wọ́, òun àti àwọn obìnrin ẹgbẹ́ rẹ̀.

"Ẹ káàbọ̀, Tíṣà! Ilé yín mọ́ lónìí."

"Ìyá Peace, eérú ibí ńkọ́?" ni Olúyọmí bi Bridget.

"A ti fi ṣọ́bìrì kó o dànù. Ṣé inú eérú la ó gba àlejò sí? Kí wọ́n lè ní obìnrin Ọ̀kà ò mọ ilẹ̀ gbá?"

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín. Olúyọmí jókòó. Kò lè bínú. Bíi Màtá inú Bíbélì, ìtọ́jú àlejò ni ó gbà wọ́n lọ́kàn.

Dókítà tú òkìtì eérú tí wọ́n dà sí ẹnu ihò náà wò. "A óò rí àfọ́kù níbí, Bàbá, ṣùgbọ́n ìpele wọn ti dàrú; èyí tó ṣáájú nínú wọn, kò sẹ́ni tó lè mọ̀ ọ́n mọ́."

Ẹ̀rín Bridget dáwọ́ dúró. "Ihò kékeré kan ṣì wà lókè lọ́hùn-ún, ibi tí a ti ń sá fún òjò bí a bá lọ ṣẹ́gi. A ò tíì gbá ibẹ̀."

Gbogbo wọn mú ọ̀nà òkè pọ̀n. Olúyọmí gbìyànjú láti dìde, orúnkún rẹ̀ kò gbé e.

"Ẹ máa lọ," ni ó wí.

Ó pẹ́ díẹ̀ kí ohùn Bridget tó sọ̀ kalẹ̀ láti òkè, ó ń bá ọ̀kan nínú àwọn obìnrin náà wí. "Kafilat, gbé ẹsẹ̀ rẹ kúrò níbẹ̀! Tíṣà, ó wà níbí o! Àgbàrá ti gé etí ilẹ̀ náà, ìpele rẹ̀ hàn: dúdú, pupa, dúdú! Ẹ wá wò ó!"

"Ẹ máa wò ó fún mi," ni Olúyọmí dáhùn. Ó fi ẹ̀yìn ti àpáta, ó pa ojú dé, ó sì dúpẹ́ lọ́wọ́ Ọlọ́run pé wọ́n ti fi ojú ara wọn rí i.