Má Pa Á, Mò Ń Bọ̀

Èmi ni mò ń bá Màámi kọ oríkì ilé wa sílẹ̀. Iṣẹ́ kọ̀ǹpútà ni mò ń ṣe ní Àjàó, ibi tí mo ti ń kọ iṣẹ́ ọ́fíìsì náà ni mò ń tẹ̀ ẹ́ sí. Ní ọ̀sán Sátidé, màá gbé láàpútọ́ọ̀pù lọ bá wọn ní Ìsọlọ̀. Wọ́n á máa pè é, èmi á máa tẹ̀ ẹ́. Ẹ má bi mí ìdí tí mi ò fi mọ̀ ọ́n lórí. Àràárọ̀ ni wọ́n fi ń kí wa. Ta ló ń kọ́ ohun tó ń gbọ́ lójoojúmọ́?

Lọ́jọ́ tó kẹ́yìn, ó kan oríkì tèmi. Wọ́n pe ìlà díẹ̀, wọ́n ní kí n pa ọ̀kan rẹ́, wọ́n fi òmíràn rọ́pò rẹ̀. Wọ́n wá bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ ẹni tó wọlé tí ilé fi..." Bí ladani ṣe pèrun ìrọ̀lẹ́ nìyẹn.

"Má pa á o, mò ń bọ̀."

Màámi lọ kírun. Wọ́n forí kanlẹ̀, wọn ò gbé e sókè mọ́.

Láti ìgbà náà, mi ò pa láàpútọ́ọ̀pù náà, mi ò sì fi ọ̀rọ̀ ọjọ́ yẹn pamọ́ sínú ẹ̀. Bí wọ́n bá mú iná lọ, màá sáré tan jẹnẹrétọ̀. Bọ́tìnnì kan wà lójú kọ̀ǹpútà tó ń to ohun tí mo ti fi pamọ́ sápá òsì, á to èyí tí mi ò tíì fi pamọ́ sápá ọ̀tún. Ohun tí a pa rẹ́ á pupa, tuntun á ní àwọ̀ ewé. Àwọ̀ ewé yẹn nìkan ló ya ọ̀rọ̀ ìkẹyìn wọn sọ́tọ̀. Tí mo bá fi í pamọ́, àwọ̀ náà lọ nìyẹn. Ẹ máa ní kí n ya fọ́tò. Mo yà á! Ìlà tín-ín-rín tó ń ṣẹ́jú níbi tí ọ̀rọ̀ já sí ò ṣẹ́jú nínú fọ́tò. Ayé sú mi.

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin dé nígbà tí àdúrà ọjọ́ kẹjọ ku ọ̀la. Wọ́n fẹ́ lọ tẹ oríkì náà jáde ní Bọ́ládé, kí àlejò lè rí i mú lọ.

"O ò tíì ṣe tán?"

"Ìlà kan ló kù, Àǹtí mi. Ilé fi kí ni?"

Wọ́n wo ojú kọ̀ǹpútà títí. "Yéè! Gbogbo ọjọ́ ayé ẹ ni mo fi gbọ́ ọ. Mi ò mọ̀ ọ́n. Yọ ọ́ jàre, a ò lè fún àlejò ní àbọ̀ ọ̀rọ̀."

Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là á sọ fún ọmọlúàbí, tó bá dénú ẹ̀, á di odindi. Irọ́ ni. Ó ti dénú mi, àbọ̀ náà ló ṣì jẹ́.

"Màámi ní kí n má pa á. Wọ́n ní àwọn ń bọ̀."

Ẹ̀gbọ́n mi di ọwọ́ mi mú. "Wọn ò bọ̀ mọ́, àbúrò mi."

Mo yọ ìlà náà. Mo fi ìyókù pamọ́. Apá òsì àti apá ọ̀tún di bákan náà, àwọ̀ kankan ò sí níbẹ̀ mọ́. Mo sì pa á.