Ẹkún Ìyàwó Tí Wọ́n Gé Kúrò Nínú Fíìmù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ pé ọmọ ọdún mẹ́tàlá, àwọn onífíìmù wá sí Ìlọrà níbí láti fi ìwé ìtàn kan ṣe eré. Ìwé àtijọ́ ni. Àwọn òbí wa ti kà á kí wọ́n tó bí wa, tíṣà wa náà sì kà á fún wa ní kíláàsì. Ìtàn ayé àwọn baba ńlá wa ni, nígbà tí páànù kò tíì dé orí ilé. Nítorí náà, imọ̀ ọ̀pẹ ni wọ́n fi bo páànù agboolé tí wọ́n yàn, wọ́n sì kìlọ̀ pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ gun kẹ̀kẹ́ kọjá níbẹ̀.

Iṣẹ́ náà ń lọ dáadáa títí wọ́n fi dé ibi ìgbéyàwó. Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé rẹ̀ kí ó yé yín. Nínú ìwé, gbólóhùn kan péré ni òǹkọ̀wé fi sọ pé ìyàwó sun ẹkún. Kò kọ ọ̀rọ̀ ẹkún náà sílẹ̀. Ẹni tó ń kàwé lè gbọ́ ọ lọ́kàn ara rẹ̀, ṣùgbọ́n nínú fíìmù, ohùn gbọ́dọ̀ jáde. Ọmọbìnrin tó ń ṣe ìyàwó, ọmọ Ìbàdàn, kò sì mọ̀ ọ́n sun. Ó ń kọ ọ́ bí ẹni ń kọrin ní ṣọ́ọ̀ṣì. Ẹ̀yin ọmọ, ẹkún ìyàwó kì í ṣe orin o. Òun ni ọmọge tó ń lọ ilé ọkọ fi máa ń dúpẹ́ lọ́wọ́ ìyá àti baba rẹ̀, tí ó fi ń ki ìdílé rẹ̀, tí ó sì fi ń gba ìre. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo láyé ni.

Àwọn obìnrin bá tọ́ka sí ìyá kan tí ilé rẹ̀ kọjú sí tiwa, tó ń yan gàrí tà. Nígbà tó wà lọ́mọge, ó ti kọ́ ẹkún tirẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ parí, àfi bí baba rẹ̀ ṣe kú nígbà tí ìgbéyàwó ku díẹ̀. Wọ́n sin baba tán, wọ́n mú un lọ sílé ọkọ láìsí ayẹyẹ, kò sun nǹkan kan. Òun nìkan ni baba náà bí. Ilé wọn wó, kò sì sí ẹni tó ń ki oríkì ìdílé wọn mọ́.

Olórí àwọn onífíìmù, ọkùnrin oníwà pẹ̀lẹ́ kan tó máa ń lo awò ojú, wá bá a nídìí agbada.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ohùn yín la fẹ́. Ọmọ yìí yóò máa mi ẹnu, ẹ̀yin ẹ óò máa sun ún."

"Èmi arúgbó? Ta wá ni ọkọ?"

Obìnrin kan tó ń bó ẹ̀gẹ́ ní, "Ìyá, ẹ má yan ọkọ. Ẹni tó bá ti ní eyín méjì lẹ́nu ti tó yín."

"Tìẹ tó ní méjìlélọ́gbọ̀n, ṣé ó ń wálé?"

Gbogbo wọn rẹ́rìn-ín. Ìyá náà tún ń ro gàrí rẹ̀. Nígbà tó yá, ó ní, "Ọmọ mi, n óò sun ún. Ṣùgbọ́n baba mi ni n óò kì níbẹ̀."

"Baba inú ìwé ló yẹ kí ìyàwó kì, Mà."

"Kí baba inú ìwé kọ́kọ́ wá bí mi ná."

Ọkùnrin náà ronú, ó ní, "Ó dáa, Mà. Ẹ sun ún bó ṣe wà lẹ́nu yín."

Lọ́jọ́ kejì, ìyá wẹ̀, ó ró aṣọ tó dára, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kámẹ́rà kò ní kọjú sí i. Ó kúnlẹ̀ lẹ́yìn àwọn onífíìmù, ó bẹ̀rẹ̀. Mo rántí ibì kan níbẹ̀: "Baba mi, ẹni tó ń bu omi ìbọ́jú yín ń lọ. Lọ́la, ta ni yóò bù ú?" Lẹ́yìn èyí ló wá ki baba rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ títí dé òpin. Àwọn àgbà ọkùnrin ṣí fìlà. Ọ̀kan nínú wọn dáhùn ní ipò baba, ó ní, "Máa lọ, ọmọ mi. Wàá bá ire níbẹ̀." Ìyá mi ń nu ojú.

Láti ọjọ́ náà, bí ìyá bá ń yan gàrí, yóò ní, "Wọn yóò gbọ́ baba mi ní Ìbàdàn. Wọn yóò gbọ́ ọ ní Èkó."

Ní ọdún tó tẹ̀lé e, wọ́n gbé fíìmù náà wá sí gbọ̀ngàn kan ní Fìdítì. A kún inú bọ́ọ̀sì lọ. Ìyá jókòó níwájú pátápátá, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìyá mi. Nígbà tó kan ìgbéyàwó, ẹnu ìyàwó mì, ohùn ìyá onígàrí sì jáde, a pàtẹ́wọ́. Ó dé ibi "ta ni yóò bù ú?" Bẹ́ẹ̀ ni fèrè àti ìlù bo gbogbo rẹ̀. Ẹnu ìyàwó ṣì ń mì. Nígbà tí fèrè máa fi dákẹ́, ìyàwó ti dé ẹnu ọ̀nà ọkọ.

Ìyá tẹ̀ sí ìyá mi. "Ó ti tán ni?"

"Bóyá yóò tún wá níwájú, Ìyá."

Ó sì jókòó, ó ń retí rẹ̀ títí fíìmù fi parí.

Ọkùnrin aláwò ojú wá dọ̀bálẹ̀ fún un níta. "Ẹ má bínú, Mà. Àwọn tó ni ìwé ló ní kò bá ìtàn mu."

"Dìde. Èyí tí ẹ gé kúrò ńkọ́? Fún mi, n óò mú un lọ sílé."

"A ti jù ú nù, Mà."

N kò sọ pé irọ́ ni pé kò bá ìtàn mu. Ìyàwó inú ìwé kò lè máa ki baba ẹlòmíràn, bẹ́ẹ̀ ni ìwé ṣe rí. A padà sí Ìlọrà. Nígbà tí ìyá mi bẹ̀ ẹ́ pé kó tún un sun kí àwa ọmọ kọ́ ọ, ó ní, "Mo ti sun ún. Ìyàwó wo ló ń padà wá sun ún?" Mo wà ní ilé ẹ̀kọ́ olùkọ́ nígbà tó kú. A kọ orin ìsìn nídìí ibojì rẹ̀. Kò sí ẹni tó lè kì í.

Ayé ti yí padà gan-an. Láìpẹ́ yìí, àwọn ọ̀dọ́ kan wá bá mi. Wọ́n fẹ́ fi ìwé yẹn kan náà ṣe fíìmù tuntun. Ọmọlúwàbí ni wọ́n. Wọ́n ní, "Màmá, ta ló mọ ẹkún ìyàwó sun ní ìlú yìí?" Mo rò ó láti àdúgbò wa títí dé ọ̀nà Jóbẹ̀lẹ́, n kò rí ẹnìkan dárúkọ. Wọ́n ní kí n má ṣèyọnu, àwọn yóò fi orin sí i.

Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, mo bẹ̀ yín, ẹ kọ́gbọ́n níbẹ̀. Bí ẹ bá gba ohùn lẹ́nu àgbà fún iṣẹ́ yín, tí apá kan kò sì wúlò fún yín, ẹ má jù ú nù. Ẹ dá a padà fún ẹni tó ni ín. Ohun tí kò bá ìtàn yín mu lè jẹ́ gbogbo ohun tó kù fún onítọ̀hún.