Ọjọ́ Tí Mo Pe Bàbá Mi Ní "He"

Ọjọ́ tí wọ́n dán òyìnbó ẹnu wa wò lẹ́ẹ̀kejì, ní ilé ẹ̀kọ́ gíga tí mo ti kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ ní Iléṣà ní àwọn ọdún 1990, kò lè kúrò lọ́kàn mi láé.

Nígbà tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, olùkọ́ wa obìnrin ní kí n fi òyìnbó sọ̀rọ̀ nípa bàbá mi. "They" ni mo ń pè wọ́n látìbẹ̀rẹ̀ dópin. Olùkọ́ rẹ́rìn-ín.

"Bàbá mélòó lo ní?"

"Ẹyọ kan ni, mà."

"'He' ni kó o máa wí."

Ní Òkè-Baálẹ̀ l'Óṣogbo, níbi tí wọ́n ti tọ́ mi, ta ni í pe bàbá rẹ̀ ní "ó"?

Nígbà tí ọdún ń parí lọ, wọ́n tún bi mí ní ìbéèrè kan náà, kí wọ́n lè mọ̀ bóyá a ti tẹ̀ síwájú. Mo ní, "My father, he was a railway man." Mo ń bá a lọ: he was, he was. Olùkọ́ ń fi máàkì sí i, inú wọn ń dùn. Lójijì, bírò wọn dúró.

"O ti mú 'he'. 'Was' ńkọ́? Kí ló dé tí o ò wí 'is'?"

"Wọ́n ti ṣaláìsí, mà. A ṣẹ̀ṣẹ̀ sin wọ́n ni."

Olùkọ́ bọ́ awò ojú wọn. Wọn ò sọ òyìnbó mọ́.

"Pẹ̀lẹ́, ọmọ mi. Ọlọ́run á tẹ́ wọn sáfẹ́fẹ́ rere."

Mo yege dáadáa. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo jáde, ẹ̀yìn kíláàsì ni mo lọ dúró sí, tí mo ń fi Yorùbá tún gbogbo rẹ̀ sọ: wọ́n ṣiṣẹ́ rélùwéè, wọ́n máa ń fi fìlà bojú sùn, wọ́n rán mi wá síléèwé.