Ilé Amọ̀ Tó Wà Lára Ògiri

Lọ́sẹ̀ tó kọjá, ọmọ-ọmọ mi gbé ìgbálẹ̀, ó fẹ́ ha ilé amọ̀ tí agbọ́n kọ́ sábẹ́ fèrèsé mi dànù. Ó ní ó ń ba ògiri jẹ́, èrò sì ń wá bá wa kẹ́dùn lójoojúmọ́. Mo ní kó fi í sílẹ̀. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó tún rántí pé ìyá òun la ṣẹ̀ṣẹ̀ sin, ó bá gbé ìgbálẹ̀ rẹ̀ padà sẹ́yìn ilẹ̀kùn. Ìyá rẹ̀ yẹn ni ọmọ mi. Èmi kọ́ ni mo bí i. Ohun tí mo fẹ́ kọ nìyẹn.

Ìwé tí mo kà kò ju èyí tí wọ́n fi kọ́ wa ní katikísìmù lọ, nítorí náà ẹ má bínú bí ọ̀rọ̀ mi bá ń fẹ̀yìn rìn. Mo rántí orúkọ gbogbo ẹni tó wà ní agboolé wa nígbà náà, títí kan ti ajá. N kò ní kọ ọ̀kankan síhìn-ín. Bí mo bá bẹ̀rẹ̀, n ó dé orí orúkọ ọmọ mi yìí, ọwọ́ mi kò sì tíì lè kọ ọ́.

Ìgbà tí ilẹ̀ wa ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ àwọn Faransé ni. Ọkọ mi ń ṣiṣẹ́ ní ibùdókọ̀ ojú irin ní Ṣábẹ, ilé wa sì wà ní ìdí àpáta, níbi tí òkúta ti ń gba oòrùn lọ́sàn-án, tí í sì dá a padà fún wa lálẹ́. Mo ti pẹ́ nílé ọkọ, n kò tíì bímọ. Àbúrò ọkọ mi obìnrin kú sí Sakin níbi tó lọ́kọ sí, wọ́n sì mú ọmọbìnrin rẹ̀ wá fún mi. Bàbá ọmọ náà, àgbẹ̀ ni, sọ ọ́ kedere lójú gbogbo wa pé: "Ẹ bá mi tọ́jú rẹ̀ títí n ó fi rí obìnrin fẹ́. Tí mo bá ti fẹ́yàwó, n ó wá mú un."

Láti ọjọ́ náà ni mo ti mọ̀ pé wọ́n yá mi ní ọmọ ni.

Ọmọ náà kì í sọ̀rọ̀. Bó bá ti jẹun tán, abẹ́ àká ló ń lọ, yóò lóṣòó, yóò máa wo ilẹ̀. Àwọn ará ilé ní ìyá rẹ̀ ló ń wá. Lọ́jọ́ kan, ìdákẹ́jẹ́ yẹn sú mi, mo lọ lóṣòó tì í. Mo rí kòtò kéékèèké nínú iyanrìn gbígbẹ, wọ́n rí bí ẹnu àrọ tí a fi ń rọ epo. Ẹsẹ̀ èèrà kan yọ̀ sínú ọ̀kan. Bó ṣe ń gòkè ni nǹkan kan ń da iyanrìn lù ú láti ìsàlẹ̀, títí ó fi yọ̀ padà, tí ẹnu kan sì gbé e. Ọmọ náà fi koríko wa kúlúsọ tó wà nínú kòtò náà jáde, ó gbé e lé àtẹ́lẹwọ́ mi.

"Ó ń fẹ̀yìn rìn," ó ní.

Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tó bá mi sọ nìyẹn. Mo ní, "Àbí kò mọ ibi tó ń lọ ni?"

"Ó mọ̀ ọ́n. Ibi tó ti ń bọ̀ ló ń wò."

Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Mo ti ń tẹ àwọn nǹkan wọ̀nyí mọ́lẹ̀ láti kékeré, n kò rí wọn. Yímíyímí tó dorí kodò, tó ń fi ẹsẹ̀ ẹ̀yìn ti ìgbẹ́ màlúù lọ. Bó bá dé orí òkìtì, ẹrù a yí lọ, òun náà a yí tẹ̀ lé e, a dìde, a tún bẹ̀rẹ̀. Lámilámi lójú omi Okpara nígbà tí a bá lọ fọṣọ, tó ń fi ìdí kan omi, tó ń gbé e, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. Ọbẹ̀ tèmi ń jóná. Ọkọ mi a ní, "Kí lẹ tún rí lónìí tí mo fi ń jẹ èédú?" A ó sọ fún un, yóò sì jẹ èédú náà tán.

Nígbà tí ọmọ náà wọ ilé-ìwé, olùkọ́ wọn, ọmọ Àjàṣẹ́ tí ìjọba rán wá, máa ń ní kí wọ́n mú kòkòrò wá kí wọ́n sì sọ ohun tó ń ṣe. Ọmọ náà fi ọ̀rọ̀ rẹ̀ kọ́ mi: "Ó ní ká má sọ ohun tí wọ́n wí fún wa. Ohun tí a bá fojú rí ni ká sọ."

Lọ́jọ́ kan, agbọ́n kan bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́lé sára ògiri yàrá ìyá ọkọ mi. Ibi tí omi ìwẹ̀ ń ṣàn gbà ló ti ń fẹnu bu amọ̀, bó bá sì ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri, a máa kùn ṣáá. Mo fẹ́ ha á, ìyá ọkọ mi dì mí lọ́wọ́ mú.

"Ṣé o kò mọ̀ ọ́n ni, ìyàwó mi? Eléyìí kì í bímọ. Ọmọ ọlọ́mọ ló ń gbé wá. Yóò fi amọ̀ dí i mọ́lé, yóò wá máa kọrin sí i létí pé, jọ mí, jọ mí, jọ mí. Ọjọ́ tó bá jáde, ó ti di agbọ́n."

Kò wo ojú mi nígbà tó ń sọ ọ́, ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó torí rẹ̀ sọ ọ́. Kì í ṣe òun nìkan ló gbà bẹ́ẹ̀. Gbogbo wa la gbà á. Mo gbé e mì bí oògùn. Láràárọ̀ ni mo ń gbálẹ̀ ìdí ògiri yẹn, kí n lè gbọ́ orin náà. Ìyàwó àbúrò ọkọ mi, tí ẹnu rẹ̀ mú bí abẹ, rí mi níbẹ̀, ó pọn ọmọ sẹ́yìn.

"Ìyáalé, ẹ bá a gbè é. Bóyá ohùn yín ló kù kó tó jọ."

"Àwọn tìrẹ ńkọ́, ṣé wọ́n jọ ọ́? Gbogbo wọn ló gbé imú bàbá wọn."

Ó rẹ́rìn-ín títí ọmọ ẹ̀yìn rẹ̀ fi jí.

Nígbà tí iṣu tuntun jáde, ìròyìn dé láti Sakin: bàbá ọmọ ti fẹ́yàwó, yóò wá bí ìkórè bá parí. Àsìkò yẹn gan-an ni ọmọ náà ní òun fẹ́ ṣí ọ̀kan nínú àwọn yàrá kéékèèké tí agbọ́n náà fi amọ̀ kọ́ wò.

"Rárá," mo ní. "Kò tíì parí orin rẹ̀."

"Mo ti ń ṣọ́ ọ, Ìyá. Bó bá ti dí i tán, kì í kọrin mọ́, ó ń bá tirẹ̀ lọ ni. Ìgbà tó bá ń lẹ amọ̀ nìkan ló ń kùn."

Òótọ́ ni. Ẹ̀rù ló ń bà mí. Bí ohun tó wà nínú amọ̀ yẹn kò bá jọ agbọ́n rárá ńkọ́, bàbá rẹ̀ sì ń bọ̀? Ìyá ọkọ mi ló gba ọ̀rọ̀ náà kúrò lọ́wọ́ wa. Ó ní ògiri òun ni, òun náà sì fẹ́ rí i kí òun tó kú. Ó fi ọ̀bẹ ìdáná lé ọmọ náà lọ́wọ́.

Aláǹtakùn ló kún inú rẹ̀. Wọ́n ká ẹsẹ̀ jọ, wọn kò kú, wọn kò yè. Ìdin funfun kan bíi hóró ìrẹsì lẹ̀ mọ́ ikùn ọ̀kan, ó ń jẹ ẹ́.

Ọmọ náà wò ó pẹ́. "Ọmọ rẹ̀ nìyí. Òun ló bí i. Oúnjẹ ni àwọn aláǹtakùn yìí."

Ìyá ọkọ mi mí kanlẹ̀. "Ẹni tó sọ ọ́ fún mi kò ṣí i wò rí." Ó tẹ̀ síwájú. "Ṣùgbọ́n ẹ wo bó ṣe tò wọ́n." Imú rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ògiri.

Mo wọ ilé ìdáná lọ, mo ń ṣa ẹ̀wà tí mo ti ṣà tán tẹ́lẹ̀. Ọmọ náà wá dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Ìyá, ṣé aláǹtakùn lẹ ń sunkún fún?"

"Èéfín ni."

"Ẹ ò tíì dáná."

Ó jókòó, ó kó ẹ̀wà díẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. "Wọ́n dí aláǹtakùn mọ́lé ni," ó ní. "Èmi, ẹ ò dí mi mọ́ ibì kankan. Mo ń jáde, mo sì ń padà wálé."

Bàbá rẹ̀ dé, ó di iṣu sẹ́yìn kẹ̀kẹ́. Ó mu omi, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ wa dáadáa. Ọkọ mi sọ ohun tó yẹ kí ọkùnrin sọ, pé bàbá ló ni ọmọ. Mo ti di ẹrù rẹ̀ sínú aṣọ kan. Ọmọ náà di ọwọ́ bàbá rẹ̀ mú.

"Bàbá, ẹ kọ́kọ́ wá wo nǹkan kan."

Ó fà á lọ sídìí ògiri. Agbọ́n náà ń wọ́ aláǹtakùn kan bọ̀ nígbà náà gan-an. Ọmọ náà ní oúnjẹ ọmọ rẹ̀ ló ń gbé bọ̀. Bàbá rẹ̀ ní irọ́ ni, orin ló ń kọ fún aláǹtakùn náà kó lè di agbọ́n; ọmọ náà ṣí yàrá mìíràn fún un. Wọ́n lóṣòó síbẹ̀ títí òjìji ògiri fi bò wọ́n. Nígbà tó padà wá, erùpẹ̀ ti kun orúnkún ṣòkòtò rẹ̀. Ó wo ẹrù tí mo dì.

"Ìyàwó tí mo fẹ́," ó ní, "bó bá rí aáyán, a fò sórí ibùsùn. Ilé-ìwé sì jìnnà sí oko wa. Ta ni yóò máa bá ọmọ yìí wo nǹkan?" Ó yíjú sí i. "Ibo lo fẹ́ gbé?"

"Ibí ni. Ṣé yímíyímí wà ní Sakin?"

"Ó pọ̀ ju èèyàn lọ."

"Màá wá nígbà ìsinmi, nígbà náà."

Ó rẹ́rìn-ín, ojú rẹ̀ kò sì dùn tán. "Àna mi," ó ní fún mi, "ẹ tú ẹrù náà." Ó fi ewé di àfọ́kù amọ̀ kan, ó gbé e lọ fi han ìyàwó rẹ̀.

Ọmọ mi di olùkọ́, ó dàgbà, ó darúgbó díẹ̀ pàápàá, kò sì yé dúró lójú ọ̀nà láti wo ilẹ̀. Àwọn èèyàn a ní, "Ẹ wò ó bó ṣe lóṣòó, ó jọ yín." N kì í jiyàn. Èmi ni mo jọ ọ́.

Láàárọ̀ yìí, mo wà lórí àpótí lábẹ́ fèrèsé. Ihò kan lu lára amọ̀ náà, orí kan yọ, ó fi ẹsẹ̀ iwájú nu ojú rẹ̀, ó sinmi, ó tún nu ún. Mo yíjú sí inú ilé, mo pe ọmọ mi. Orúkọ rẹ̀ ti jáde lẹ́nu mi kí n tó rántí.

Ọmọ rẹ̀ ló jẹ́ mi. Ó jáde, ó dúró lẹ́yìn mi. "Ìyá àgbà, kí lẹ rí?"

"Lóṣòó," mo ní. "Rọra."