Ọjọ́ tí Ìyá Àgbà Dá Olórin Kórà Lóhùn

Nígbà tí mo wà ní kékeré ní Gouka, ìlú wa, aago kankan ò jí mi rí. Ẹnu ìyá tó bí bàbá mi ló ń jí mi. Ìyá Àgbà á dúró sẹ́nu ọ̀nà, wọ́n á bẹ̀rẹ̀ sí í kì mí: "Àbẹ̀kẹ́, ọmọ a-fiṣu-kí-àlejò, ọmọ onílé tí kì í tilẹ̀kùn mọ́ èrò." Bó ti wù kí oorun dùn tó, mo gbọ́dọ̀ kúnlẹ̀ dáhùn. Bí mo bá dákẹ́, omi tútù ló kàn, mo sì mọ bí omi náà ṣe ń rí nígbà ọyẹ́. Wọ́n máa ń sọ pé ẹni tí a kì tí kò dáhùn, bí ẹni tí kò nílé ni.

Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ ti ṣa kajú rí, ẹ mọ̀ pé oko ló kù lẹ́yìn ìyẹn. Omi kajú á ta sí wa láṣọ, kò ní jáde mọ́ láé. A ó jẹ èso rẹ̀ títí ọ̀nà ọ̀fun á fi máa yún wa. Bí a bá délé, gàrí Savalou tó ń dún kàrákàrá lẹ́nu àti wàgàsì díndín, wàrà àwọn Fúlàní, ló ń dúró dè wá.

Lọ́dún kan, a gbọ́ pé olórin kan ń bọ̀ wá ṣeré ní Savalou láti ilẹ̀ Mali, ọ̀kan nínú àwọn tí à ń pè ní gíríò, tó jẹ́ pé iṣẹ́ ìdílé wọn ni kíki ènìyàn àti pípa ìtàn. Kórà ló ń ta, igbá ńlá olókùn púpọ̀ tí a fi awọ bò, àwọn ọ̀dọ́ sì ń fi gìtá oníná gbè é. Olùkọ́ ni bàbá mi níléèwé àwọn fádà, wọ́n sì gba àyè fún wa nínú gbọ̀ngàn. Àmọ́ ẹ̀rù ń bà wọ́n, torí ọ̀gá wọn àti alábẹ̀wò ilé-ìwé máa jókòó níwájú. Kí a tó gun alùpùpù, wọ́n bẹ ìyá wọn: "Màmá, ẹ jọ̀ọ́, a kì í sọ̀rọ̀ níbẹ̀. Ẹ má dójú tì mí o." Ìyá Àgbà ní àwọn gbọ́. Èmi náà gba ìkìlọ̀ tèmi: bí mo bá pariwo, ó di Kérésì kí n tó tún rí ìta.

Orin náà wọ̀ mí lára. Nígbà tó yá, olórin dá àwọn onígìtá dúró. Ó ń ta kórà jẹ́jẹ́, ó nawọ́ sí wa, ó ń ki àwọn onílé tó gbà á lálejò. A ò gbọ́ èdè rẹ̀, ṣùgbọ́n ohùn oríkì kì í fara sin. Ó kì, ó dúró. Kò sẹ́ni tó fèsì. Ó tún kì, ó tún dúró. Ìyá Àgbà ti sún síwájú lórí àga. Bàbá mi rọra di etí aṣọ wọn mú.

"Ṣé kí àlejò máa rò pé a ò nílé ni?" ni Ìyá Àgbà wí, wọ́n sì dìde.

Ohùn tí wọ́n fi ń jí mi náà ni wọ́n fi ki ìdílé wa, wọ́n sì ki àlejò náà mọ́ ọn. Gbogbo gbọ̀ngàn yíjú sí wọn. Bàbá mi fi àtẹ́lẹwọ́ bojú. Àfi bí kórà ṣe bẹ̀rẹ̀ sí í tọ ohùn Ìyá Àgbà lẹ́yìn, tí olórin ń rẹ́rìn-ín, tó sì tẹrí ba fún wọn. Ìyá arúgbó kan láti ẹ̀yà Mahi dìde lápá kejì, ó fi èdè tirẹ̀ ki ilé tirẹ̀. Ẹlòmíràn tún dìde. Nígbà tó yá, alábẹ̀wò fúnra rẹ̀ ń ki ilé bàbá rẹ̀. Ohùn rẹ̀ ò dùn rárá, a sì pàtẹ́wọ́ fún un. Bàbá mi ṣíjú, wọ́n ní, "Ilé la ti ń kó ẹ̀ṣọ́ ròde," bí ẹni pé àwọn ló rán ìyá wọn níṣẹ́. Inú mi ò dùn tó bẹ́ẹ̀ rí.

Lóde òní, fóònù ló ń jí ọmọ mi, ìka kan ló sì fi ń pa á lẹ́nu mọ́. Orin tó wà lápò wa pọ̀ ju ti ìgbà náà lọ, mi ò ní purọ́, mo fẹ́ràn rẹ̀. Ìyá Àgbà ti lọ sinmi. Lọ́dún tó kọjá, mo mú ọmọ náà lọ sí irú eré bẹ́ẹ̀ ní Savalou. Obìnrin ló ń ta kórà lọ́tẹ̀ yìí, gbogbo wa sì gbé fóònù sókè, à ń yà á. Ó ní kí àwọn onílù dákẹ́. Ó kì, ó dúró. Ó tún kì, ó tún dúró.

Ọmọ mi fà mí lọ́wọ́. "Màmá, ta ni wọ́n ń dúró dè?"

Mo ní kó bá mi mú fóònù mi dání, mo sì dìde.