Jíìpù Tó Ń Wúkọ́ Lẹ́ẹ̀mejì

N kò ní dá mẹkáníìkì lẹ́bi, n kò sì ní dá ìjọba tó sọ epo bẹntiróòlù di góòlù lẹ́bi. Ìka tó bá ṣẹ̀ ni ọba ń gé. Èmi ni mo ṣe é.

Jíìpù bàbá mi ni mò ń sọ. Jíìpù àtijọ́ ni, tí ẹsẹ̀ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin rẹ̀ jọ ń fà, tí ẹrẹ̀ ọ̀nà oko wa lápá Rore kò dá dúró rí. Ó ní ìwà kan. Bí èèyàn bá yọ kọ́kọ́rọ́ tán, íńjìnnì rẹ̀ kì í gbà pé ọ̀rọ̀ ti parí, á tún wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, gbùú, gbùú, kó tó dákẹ́. Lẹ́yìn ikọ́ kejì ni oríkì máa ń bọ́ lẹ́nu ìyá mi láti ìdí ààrò. Á ki bàbá mi ní mẹ́sàn-án mẹ́wàá, á ki àwọn tó bí i. Bàbá mi á ṣe bí ẹni tí kò gbọ́, ṣùgbọ́n kì í sọ̀ kalẹ̀ àfi tí oríkì bá parí.

Nígbà tí bàbá mi fi máa kú, ojú ìyá mi ti fọ́. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ n'Ílọrin ni mo jogún jíìpù. Sátidé àkọ́kọ́ tí mo wà á wálé l'Ọ́mù-Àrán, mo yọ kọ́kọ́rọ́, ó wúkọ́ lẹ́ẹ̀mejì, ni mo bá gbọ́ tí ìyá mi bẹ̀rẹ̀ oríkì bàbá mi. Mo sáré wọlé, mo ní, "Màámi, èmi ni o!"

Ó rẹ́rìn-ín. "Mo mọ̀ pé ìwọ ni. Ojú mi ló fọ́, n kò ya wèrè. Jẹ́ kí n parí oríkì ọkọ mi jàre."

Láti ọjọ́ náà, inú ọkọ̀ ni mo máa ń jókòó sí títí á fi parí rẹ̀, bí bàbá mi ti máa ń ṣe.

Ṣùgbọ́n jíìpù yẹn ń mu epo bí ọ̀mùtí. N kò ní tíì kọjá Àjàṣẹ́-Ìpo tí màá ti máa wo gééjì. Wíwálé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ di oṣooṣù, oṣù kan di méjì. Màámi kì í ráhùn. Á kàn ní, "Ó pẹ́ díẹ̀ lọ́tẹ̀ yìí o." Ọ̀rọ̀ yẹn ń gún mi lọ́kàn. Mo pinnu pé n ó yọ íńjìnnì náà, n ó fi èyí tó ń lo dísù, epo ọkọ̀ akẹ́rù, sí i. Dísù náà wọ́n, ṣùgbọ́n ó máa ń tọ́jọ́.

Mo ra tòkunbọ̀ kan tí wọ́n yọ lára bọ́ọ̀sì. Mẹkáníìkì, bàbá àgbà kan tó ti ń tún jíìpù náà ṣe láti ayé bàbá mi, fi ṣéènì fa ti àtijọ́ jáde lábẹ́ igi máńgòrò. Ó gé irin, ó jó irin tuntun kí èyí lè rí ibi jókòó. Mo kìlọ̀ fún un kíkankíkan pé kò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ara ọkọ̀. Ọ̀dà àwọ̀ ewé tí bàbá mi fi kùn ún, àga tó ya, ibi tí màlúù ti kan ilẹ̀kùn, kí gbogbo rẹ̀ wà bó ṣe wà. Mo fẹ́ kó ṣì jẹ́ jíìpù bàbá mi lójú. Lójú ta ni? Ẹ wo ìwà òmùgọ̀!

Bàbá náà nawọ́ sí íńjìnnì tó wà nílẹ̀. "Ọmọ mi, ṣé o ò ní gbé e lọ sílé? Ohun tí bàbá ẹ fi rìn nìyí o."

Mo ní, "Irin jíjẹrà? Ẹ tà á fún àwọn tó ń ra irin." Ẹnu mi yìí ló sọ ọ́.

Sátidé tó tẹ̀ lé e, mo gun òkè ẹ̀gbẹ́ ṣọ́ọ̀ṣì wálé, inú mi ń dùn ṣìnkìn. Mo yọ kọ́kọ́rọ́. Íńjìnnì dákẹ́ lẹ́ẹ̀kan náà. Mo jókòó sínú ọkọ̀, mò ń retí oríkì. Mo dúró títí, n kò gbọ́ nǹkan kan.

Nígbà tí mo wọlé, ìyá mi wà lórí àpótí, ó kọjú sí ẹnu ọ̀nà. "Ta nìyẹn? Ẹ̀rọ ìlọta ta ni wọ́n gbé wá sílé wa?"

"Màámi, èmi ni. Jíìpù Baba ni. Mo ti pààrọ̀ íńjìnnì rẹ̀, dísù ló ń lò báyìí. N ó máa wá lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀."

"O ṣeun, ọmọ mi. Olúwa á bù kún ọ." Ó tẹ́tí sí ìta. "Ti àtijọ́ ńkọ́?"

N kò lè parọ́ fún un. Mo ní mo ti ní kí wọ́n tà á.

Ó tú gèlè rẹ̀, ó gbé ọwọ́ méjèèjì lérí. Kò gbé ọwọ́ lérí bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ tí a sin bàbá mi. Mo kúnlẹ̀, mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́. "Màámi, ẹ dákun. Baba ti kú tipẹ́."

"Mo mọ̀ pé ó ti kú," ló wí. "Ṣùgbọ́n ó ṣì máa ń dé."

Láàárọ̀ Mọ́ńdè, mo sáré lọ bá mẹkáníìkì. Wọ́n ti gbé íńjìnnì náà lọ síbi tí wọ́n ti ń yọ́ irin. Mo sunkún níbẹ̀, lójú gbogbo èèyàn.

Mò ń lọ sílé lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ báyìí, bí mo ti ṣèlérí. Mo máa ń yọ kọ́kọ́rọ́, màá sì jókòó sínú ọkọ̀ fún ìwọ̀n ìgbà tí oríkì bàbá mi máa ń gbà. Lẹ́yìn náà ni màá sọ̀ kalẹ̀.

"Ta nìyẹn?" ni ìyá mi á béèrè.

"Èmi nìkan ni, Màámi."